Fọ́ọ̀mù Tí Mo Rù Lọ sí Ìsọlọ̀

Akọ̀wé ìjọba ní kí n mú fọ́ọ̀mù wá, mo sì ru bẹ́ǹṣì lọ fún un. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi jẹun, ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín mi dáadáa, ẹ rín in tán, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ kò gba ẹ̀rín púpọ̀.

Ní ilé ìwé tí mo lọ ní Ìwó, níbi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹrin kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́, bẹ́ǹṣì gígùn tí àwa ọmọ ń jókòó lé ni tíṣà ń pè ní fọ́ọ̀mù. "Gbogbo ẹ̀yin orí fọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, ẹ dìde!" Fọ́ọ̀mù tí mo mọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bébà tí ìjọba ń fún èèyàn kọ nǹkan sí náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà sì ni mí. Bí ẹ bá ní kí alápatà mú ẹran wá, ṣé àwòrán ẹran ló máa mú wá?

Ohun tó gbé mi dé ọ́fíìsì ìjọba ní Ìsọlọ̀ ni pé owó epo ti dé. Ìjọba ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń kọ́ kíláàsì bí ẹni ń gbin àgbàdo, a sì gbọ́ ní Máfolúkù pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe àga sí i. Ọ̀gá mi, Bàbá Sìkírà, ní èmi ni kí n lọ wádìí, nítorí èmi ni mo mọ̀wé jù nínú ìsọ̀ wa. Ẹ wo bí ìwé ìsọ̀ wa ṣe jinlẹ̀ tó.

Wọ́n ní kí n lọ sójú fèrèsé kan. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, sà. Àga ilé ìwé la fẹ́ bá ìjọba ṣe."

"Fọ́ọ̀mù yín dà?"

"A ò tíì mú un wá, sà."

"Ẹ lọ mú un wá. Kó pé o. Mi ò fẹ́ rí ibi tó ṣófo lára ẹ̀."

"Kò ní ṣófo, sà. Ọ̀gá mi kì í ṣe iṣẹ́kíṣẹ̀ẹ́."

Ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo padà sọ fún ọ̀gá mi. A mú èyí tó dára jù nínú bẹ́ǹṣì tó wà nílẹ̀, mo fi ọ̀dà pa á, mo gbé e karí. Mo gba Bọ́ládé kọjá, mo sọdá ojú irin, mo forí lé Ìsọlọ̀. Gbogbo ẹni tó rí mi ló ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọmọbìnrin kan tó ń kiri ẹ̀pà ní, "Bùọ̀dá káfíńtà, ṣé àga tiyín lẹ ń gbé lọ sílé ìwé ni?" Mo rò pé mò ń lọ di kọngílá, ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba.

Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú fèrèsé yẹn, akọ̀wé ní, "Kí lèyí?"

Mo ní, "Fọ́ọ̀mù ni, sà. Kò síbi tó ṣófo lára ẹ̀."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n bá fi la pákó ni, pákó á ti là. Mẹ́sẹ́ńjà kan di ògiri mú kó má baà ṣubú. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé bẹ́ǹṣì náà padà. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo ní mò ń bọ̀ wá gbé e. Irọ́ ni mo pa. Mo dé ilé, mo sọ fún ọ̀gá mi pé wọ́n ní ká máa retí. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tí mò ń parọ́ fún.

Àbúrò ìyá mi ló mú mi wá sí Èkó, ó fà mí lé Bàbá Sìkírà lọ́wọ́. Ti owó tí wọ́n san àti èyí tí wọn ò san, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ìsọ̀ náà wà ní Máfolúkù, páànù ni òrùlé rẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú sì ń gba orí rẹ̀ balẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ìṣó inú agolo á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àwa ọmọ iṣẹ́ á di pákó mú.

Mo rò pé ayùn ni mo máa kọ́kọ́ mú. Rárá o. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi ni etí. Bí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, tí àwọn yòókù ń fọwọ́ fọsẹ̀, á ní kí n lọ jókòó sáàárín pákó tí a fi ti ògiri.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Padà síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, títí di ìrọ̀lẹ́ kan tí ọkọ̀ òfúrufú ti kọjá, tí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́, tí pákó kan lẹ́yìn mi ní, "Kẹ́." Bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn, tó tún yí ọkàn padà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lójú títì, orí mi sì ti wú níbi tó ti gbá ilẹ̀kùn. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ mú mi padà wọlé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé pákó yẹn.

Ó ní, "Omi ló ń jáde lára ẹ̀. Bí omi bá ń jáde, igi á máa sọ̀rọ̀. Igi tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀, a kì í fi ìṣó dá a lóhùn. Ìgbà tó bá dákẹ́ la tó lè lò ó."

Ó le o! Bí mo bá kan ìṣó mọ́ pákó tí kò tíì dákẹ́, á ní kí n fà á yọ pẹ̀lú ọwọ́, òòlù ò gbọdọ̀ fara kàn án. Bó bá ṣe àga tán, á fi irin gbígbóná tẹ orúkọ rẹ̀ àti Máfolúkù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹni tó jókòó ò lè rí. Mo bi í pé ta ló máa dojú àga dé kó tó kà á. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀." Nígbà tí mo gba fìrídọ̀mù, mi ò lọ dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀. Mo dúró tì í, mo di igbákejì rẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sí Ìsọlọ̀ nígbà tí mọ́tò ìjọba dúró níwájú ìsọ̀ wa. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó wọ gíláàsì ojú tó nípọn bí ìsàlẹ̀ ìgò. Mo mọ̀ pé wọ́n wá mú mi nítorí ẹrù tí mo já sílẹ̀ níwájú ilé ìjọba. Mo sá sẹ́yìn pákó. Ẹ̀yìn pákó yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ ni bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa? Mo dojú ẹ̀ dé, mo rí orúkọ yín."

Bàbá Sìkírà ní, "Làmídì, jáde níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ yọ síta."

Màmá Onígíláàsì, bí a ṣe ń pè é láti ọjọ́ yẹn, ló ń bójú tó àga ilé ìwé ní ọ́fíìsì náà. Ó ní gbogbo bẹ́ǹṣì tí àwọn kọngílá ńlá gbé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ló ń mì bí ọkọ̀ ojú omi. Tèmi nìkan ni kò mì. Àwọn tó ń dúró de akọ̀wé ti ń jà lé e lórí, òun fúnra òun sì ti ń jẹun lórí ẹ̀. Ọ̀gá mi yíjú sí mi. Ó mọ̀ wàyí pé irọ́ ni "ẹ máa retí."

Màmá ní, "Bàbá, fọ́ọ̀mù igi yín ti wọlé. Ó ku ti bébà."

Ó jókòó tì wá, ó ṣàlàyé. Ó ní ká lọ fi orúkọ ìsọ̀ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó lè di orúkọ tí wọ́n lè kọ̀wé sí. Ó ní ká mú ìwé owó orí wa dání. Ó ní ká má bèèrè gbogbo ilé ìwé kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ọ̀fun kékeré kì í gbé egungun erin mì. Ká bèèrè kíláàsì kan tàbí méjì. Bó bá sì ju agbára wa lọ, ká fi àwọn ìsọ̀ míì kún tiwa, ká jọ fi orúkọ kan bèèrè. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ìwé àwọn tó bèèrè, ká wà níbẹ̀, ká fojú ara wa rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹni tí ò bá mọ ènìyàn kò lè rí iṣẹ́ ìjọba gbà, mi ò ní ẹ ń parọ́. Àmọ́ àwa ò mọ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ǹṣì wa ló lọ mọ ènìyàn fún wa.

Bí a ṣe gba iṣẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ nìyẹn: bẹ́ǹṣì àti tábìlì kíláàsì kan ní ilé ìwé tuntun tí wọ́n kọ́ sápá Àìlégún, níbi tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ nígbà yẹn. Màmá sì là á mọ́lẹ̀ fún wa. Òun ló ti orúkọ wa lẹ́yìn. Bí a bá ṣe é dáadáa, a ó wà nínú àwọn tí wọ́n ń pè. Bó bá bàjẹ́, wọn ò tún ní gba orúkọ ìsọ̀ kékeré lọ́wọ́ òun mọ́, tiwa àti ti ẹlòmíì.

Ọdún yẹn náà la ra ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, irin tí a fi ń fá pákó, apá la fi ń tì í, bí ó ṣe ń lọ lò ń gbọ́ bí igi ṣe ń dáhùn. Ẹ̀rọ oníná tó dé yìí, bó bá ti ké, o ò ní gbọ́ ìyá rẹ tó bá ń pè ọ́. Pákó á wọlé ní ṣákiṣàki, á jáde ní bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn ju ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi lọ. Mi ò fura pé láti ìgbà tó ti dé, kò sẹ́ni tó jókòó sáàárín pákó nírọ̀lẹ́ mọ́.

Àárín iṣẹ́ yẹn ni ààyè Mẹ́kà Bàbá Sìkírà yọ. Ó ní, "Làmídì, pákó gbígbẹ tó wà nílẹ̀ lè má tó. Bó bá tán, dúró dè mí." Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Ọkọ̀ òfúrufú tó gbé e lọ, orí páànù wa ló gbà.

Pákó gbígbẹ tán. Gbogbo Èkó ló ń kọ́lé nígbà yẹn, igi tó bá dé ọjà pákó Èbúté-Mẹ́ta láàárọ̀, kò ní sùn mọ́jú. Ọjọ́ tí Màmá fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ wò ń sún mọ́lé. Mo ra igi tútù. Mo mọ̀ pé ó tutù. Ayùn ń jáde lára ẹ̀ pẹ̀lú omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fá a, ó dán, mo pa á lọ́dà, ó ń kọ mànà, mo sì sọ fún ara mi pé ayé ti dé ayé ẹ̀rọ. A kó wọn lọ sí Àìlégún. Mo to wọn sínú kíláàsì. Mo kan pákó mọ́ ojú fèrèsé nítorí wọn ò tíì fi gíláàsì sí i. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fún bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Ọyẹ́ wá dé.

Bàbá ọlọ́dẹ fẹsẹ̀ rìn wá sí Máfolúkù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ètè rẹ̀ ti là, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi.

Ó ní, "Àwọn ọmọ rẹ ti wọlé."

"Ọmọ wo, bàbá? Ilé ìwé ò tíì ṣí."

"Òun ni mo ṣe ní kí n wá sọ fún ọ. Mi ò ṣílẹ̀kùn fẹ́nì kan. Wọ́n wà ńbẹ̀. Wọ́n ń jókòó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọtí ni. Lọ́sàn-án, mo lọ fúnra mi. Ọyẹ́ ti gbé oòrùn mì, ojú ọjọ́ funfun, èèyàn ò lè rí igi tó wà lódìkejì pápá. Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Kẹ́," ní igun kan.

Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Kọ́," ní igun kejì.

Ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan ní àárín. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ, tí àwọn ọmọ ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èèyàn ò kàn gbọ́ ohùn tíṣà. Mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n dákẹ́ pátápátá, bí kíláàsì ṣe máa ń dákẹ́ bí àlejò bá yọjú.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bẹ́ǹṣì tí mo tò lọ́gbọọgba ti yí díẹ̀díẹ̀, olúkúlùkù sí ọ̀nà tirẹ̀. Òmíràn gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo wọn, ó funfun bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Lójú eruku yẹn, lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ibi róbótó kan wà tí kò léruku. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òmíràn. Kékeré ni wọ́n. Ìdí ọmọdé ni. Mo wo fèrèsé: pákó tí mo kàn mọ́ ọn ṣì wà bó ṣe wà. Mo wo ilẹ̀: ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló wà nínú eruku.

Ẹ̀yìn mi ni bẹ́ǹṣì kan tún ti sọ̀rọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fi bàtà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́dẹ ní kò sí owó tí mo lè fún òun tí òun máa fi wọlé lọ gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ jókòó nílé, mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ gbá orí àga. Ìyá Sìkírà, ìyàwó ọ̀gá mi, rí mi lẹ́ẹ̀kan, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Káfíńtà tó ń sá fún àga! Bó o bá gbéyàwó, ṣé wàá sá fún bẹ́ẹ̀dì?"

Ọ̀gá mi dé láti Mẹ́kà, ó di Àlàájì. Kó tó tú ẹrù, mo ti ń kà á sí i létí: ọlọ́dẹ, ohùn, ibi róbótó. Mi ò sọ ti igi. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní ká lọ. Ọjọ́ kejì ni Màmá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò.

Ó wọlé ṣáájú mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bẹ́ǹṣì kan, ó tẹ́tí, bó ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bẹ́ǹṣì náà ní, "Kẹ́."

"Ìgbà wo lo ra igi yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé bàtà mi tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

"Làmídì, mo ní ìgbà wo?"

Kí n tó dáhùn, bẹ́ǹṣì ìdí fèrèsé dún bí ẹni yìnbọn. Ó là láti orí dé ìdí lójú wa, ó ya ẹnu tí ìka ọmọdé lè wọ̀, tí kò sì ní lè jáde. Mo wò yíká. Ọ̀pọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í là lábẹ́ ọ̀dà, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo.

Kí ẹ má baà máa ronú bó ṣe parí fún ìsọ̀ wa: a tú gbogbo rẹ̀. A sọ fún Màmá pé kò tíì ṣeé yẹ̀ wò. Ó bínú, ó sì lè bínú! Ó ní a dójú ti òun. Ọyẹ́ ti lọ kí pákó tuntun tó dákẹ́, ká tó gbé àga míì wá, àwọn ọmọ sì fi ilẹ̀ jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àga àwọn kọngílá ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹnu káàkiri, Màmá ránṣẹ́ pè wá, iṣẹ́ ìjọba ò sì tún jìnnà sí wa mọ́ títí mo fi gbé ayùn kalẹ̀. Ẹ̀rọ wa ò kúrò nílẹ̀ o, a kàn ń pa á kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ kan lè lọ jókòó sáàárín pákó. Lónìí, àga oníke ti gba gbogbo ibẹ̀. Ike kì í sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn dára.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nínú kíláàsì yẹn, mi ò tíì mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Màmá ń bọ̀ lọ́la. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Àlàájì. Mo ní ká fi gọ́ọ̀mù dí ibi tó là, ká tún un pa lọ́dà. Mo ní gíláàsì Màmá nípọn lóòótọ́, kò lè rí abẹ́ ọ̀dà. Mo ní kó tó máa là tán, ìjọba á ti fọwọ́ sí i. Ìjọba ò ní mọ̀.

Àlàájì ti lọ sídìí bẹ́ǹṣì iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ síbi róbótó yẹn, níbi tí kò léruku. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń wo iwájú orí ọmọ bóyá ibà ń ṣe é.

Ó ní, "Wá gbé ọwọ́ rẹ síbí."

"Rárá o, sà."

"Ó móoru."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó móoru lóòótọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ abíyá mi. Mo ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré. Ti ohùn yẹn, mo gbà, igi tútù ni. Ta ló jókòó síbẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ dìde, ó gbọn eruku kúrò ní agbádá Mẹ́kà rẹ̀, ó wo gbogbo kíláàsì yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń kí wọn.

Ó ní, "Ọmọ tí a ti bí ni o, ọmọ tí a ò tíì bí ni o, ìdí ni wọ́n máa fi jókòó lé e. Ìjọba ni kò ní ìdí, Làmídì. Lọ mú òòlù wá."